Ọwọ́ Ọ̀tún Ràsákì

Ràsákì dírẹ́bà kì í fi ọwọ́ òsì fún èèyàn ní nǹkan. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ á mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun tó rọrùn, nítorí apá òsì ni dírẹ́bà ń jókòó sí nílẹ̀ wa, fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì nìyẹn. Bí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà bá na ọwọ́ wọlé, òsì ló yá jù láti fi dá a lóhùn. Àwọn dírẹ́bà yòókù ní gáréèjì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, òsì ni wọ́n ń lò, ọkọ̀ ò tilẹ̀ ní dúró tán tí wọ́n á ti sọ owó sí i lọ́wọ́. Ti Ràsákì kọ́. Á dúró pátápátá, á yí gbogbo ara padà bí ẹni tó fẹ́ kí àna rẹ̀, á wá na ọwọ́ ọ̀tún kọjá níwájú àyà, náírà tó ti ká sínú àtẹ́lẹwọ́ ò ní hàn sí ẹnikẹ́ni. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín." Ọ̀gá á gbà á, ọ̀gá á sì ṣàdúrà: kí ọ̀nà là, kí aburú má pàdé wọn. Ràsákì á ṣe àmín tọkàntọkàn.

Ẹ má tíì yọ ṣùtì sí i. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dá a lẹ́jọ́ yìí, ṣé ẹ ti gba ọ̀nà Orè lọ sí Bẹ̀níì rí? Ṣé ẹ mọ bí inú ọkọ̀ ṣe ń dákẹ́ bí igbó bá ti sún mọ́ títì, tí gbogbo èrò ń ka ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n kà, Mùsùlùmí ń ka tirẹ̀, Onígbàgbọ́ ń ké pe Jésù, nítorí àwọn ajínigbé? Bí ọlọ́pàá bá wá ní kó o páàkì síbẹ̀, kó o kó gbogbo ìwé ọkọ̀ sílẹ̀, tí oòrùn sì ń lọ, ṣé òfin lo máa wá máa kà sí i létí? Ẹni tó bá fẹ́ kó èrò rẹ̀ délé láàyè kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "Ohun tí a fi ń kọjá" ni Ràsákì ń pè é. Kò pè é ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ọkùnrin tí kì í pa ìrun jẹ, tí kì í mutí, tí àwọn ìyá oníṣòwò máa ń dúró dè pé bí kì í bá ṣe ọkọ̀ tirẹ̀ àwọn ò lọ, ta ni yóò pè é ní ẹni burúkú?

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta òun àti Mùínátù ìyàwó rẹ̀ lọ́rẹ, lẹ́yìn tí wọ́n ti dúró dúró tí ẹnu ayé ti sú wọn. Fatihah lorúkọ ọmọ náà. Mùínátù ń ta ìkòkò àti abọ́ ní ọjà Òkè-Ajé, abẹ́ àtẹ ìyá rẹ̀ ni Fatihah sì ti ń sọ pé òun á di dókítà. Ó ṣe ìdánwò, wọn ò mú un. Ó tún un ṣe, wọ́n fún un ní ẹ̀kọ́ mìíràn tí kò béèrè. Nígbẹ̀yìn ni wọ́n rí ilé ìwé kan tó gbà á ní ìlú Tibílísì, ní orílẹ̀-èdè Jọ́jíà.

Inú gáréèjì dùn. Wọ́n ní Ràsákì ti bímọ sí Amẹ́ríkà. "Jọ́jíà ti Amẹ́ríkà kọ́ o," ni Ràsákì wí, ó sì gbé àyà sókè bí olùkọ́. "Èyí tó wà lẹ́yìn Tọ́kì ni. Abẹ́ Rọ́ṣíà ni wọ́n wà láyé ìjọba kọ́múníìsì." Wọ́n ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun náà bi Fatihah ni: ìjọba ló ni ilé, ìjọba ló ni oko, ìjọba ló ni ilé iṣẹ́, aráàlú ò sì gbọdọ̀ la ẹnu. Ó ti túká tipẹ́tipẹ́, wọ́n ti gba òmìnira, àmọ́ wọ́n ṣì ń fa ara wọn láṣọ ya. Àwọn kan ní Yúróòpù làwọn ń lọ, àwọn kan ní kí wọ́n má bí Rọ́ṣíà nínú, torí aládùúgbò tó lágbára ni. Ẹnì kan nínú wọn rẹ́rìn-ín pé tiwa náà kúkú nìyẹn, àfi ti òjò dídì. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Ràsákì ní Aṣojú Jọ́jíà.

Ní ọ̀sẹ̀ tí Fatihah máa lọ, lẹ́yìn ìrun Ásírì, Ràsákì pè é sí pálọ̀. Wọ́n ti di gàrí Ìjẹ̀bú, wọ́n ti di ẹja gbígbẹ. Bàbá ní ó ku ẹ̀kọ́ kan. Ó ní kí Mùínátù dúró bí aṣọ́bodè. Mùínátù, ẹni tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, wé gèlè bíi fìlà ṣọ́jà, ó fi ọmọrogùn ṣe ìbọn, ó ké mọ́ ọmọ rẹ̀: "Ìwọ ọ̀dọ́mọbìnrin yìí! Páàsípọ́ọ̀tù rẹ dà?" Fatihah bú sẹ́rìn-ín, ó sì na ìwé náà sí i pẹ̀lú owó láàárín.

"Háà! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbá ọ létí ni?" Ràsákì dìde. "Ká a kéékèèké. Bẹ́ẹ̀. Fi í sáàárín ìwé, kó má yọ orí. Ọwọ́ ọ̀tún, kó o fi òsì gbè é lẹ́sẹ̀. Kúnlẹ̀ díẹ̀. Má wò ó lójú, pè é ní ọ̀gá. Fatihah, gbọ́ mi, ọmọ tó bá ní ẹ̀kọ́ ilé, kò síbi tí kò ní kọjá láyé."

Wọ́n ṣe é títí ó fi mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́, ẹ̀rín sì pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà ni Ràsákì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé e lórí, ó ṣàdúrà gígùn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Fatihah lọ, ó ń ṣe dáadáa. Ràsákì wá di ẹni tí kì í mú èrò láàárọ̀ láìkọ́kọ́ béèrè bí Tibílísì ṣe jí. Ó ń gbọ́ rédíò, ó ń wo fóònù, ó mọ orúkọ òpópónà wọn ju ti Abẹ́òkúta lọ. Ọmọ náà ní ìbẹ̀rù tirẹ̀. Bí bàbá rẹ̀ bá ti gbéra, kò ní jókòó dáadáa ní kíláàsì títí yóò fi gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù pé, "Fatihah, mo ti wọ Bẹ̀níì o, ọkàn rẹ balẹ̀." Bàbá ń bẹ̀rù ìlú ọmọ, ọmọ ń bẹ̀rù ọ̀nà bàbá.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí Fatihah wọ kíláàsì kẹrin ni wọ́n dìbò níbẹ̀, ìlú sì dàrú. Àwọn tó pàdánù ní wọ́n yí ìbò. Ìjọba wá kéde pé ọ̀rọ̀ Yúróòpù á dúró ná, ni èrò bá tú síta. Gbogbo ohun tí Ràsákì ń rí lórí fóònù ni tajútajú, omi tí wọ́n ń fọ́n lu èèyàn nínú òtútù, àti àwọn agbófinró tó bo ojú níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó pe ọmọ rẹ̀.

"Fatihah, kúrò ní ìgboro. Lọ sọ́dọ̀ Mofẹ́olúwa."

Mofẹ́olúwa yìí, ọmọbìnrin Ibefun ni, òun náà ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Bàtúmì, ìlú kan létí òkun, ó jìnnà sí Tibílísì.

"Bàbá mi, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Fatihah wí. "Òpópónà kan ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní àdúgbò wa, wọ́n ń ra búrẹ́dì, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ń ṣiṣẹ́, mo ní kíláàsì lọ́la. Bí èèyàn ò bá ti lọ síbi ìwọ́de, kò sí nǹkan."

"Ìbò ni o! Ṣé ìwọ ló máa kọ́ mi ní ìbò? Bí ìbò bá dàrú, a kì í dúró wòran. Ṣé èmi ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ tí o ń dá mi lóhùn?"

Ọmọ ní, "Ẹ má bínú, Bàbá mi," ó sì gbé báàgì. Ibi tí kò sí wàhálà ló ti kúrò, nítorí ohun tí ojú bàbá rẹ̀ ti rí ní ilẹ̀ ibòmíràn.

Bọ́ọ̀sì kékeré ló wọ̀. Láàárín òkè, níbi tí yìnyín bo ẹ̀gbẹ́ títì, ọlọ́pàá dá wọn dúró láti wo ìwé. Ìwé ìgbélùú Fatihah ti kú, tuntun ṣì wà lọ́nà, ìwé ẹ̀rí pé ó ń bọ̀ sì wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ní Tibílísì, torí ìkánjú ni wọ́n fi lé e kúrò nílé. Ọlọ́pàá náà ń béèrè ohun tí kò yé e. Òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú inú ọkọ̀. Ó rò pé wọ́n á já òun sílẹ̀ sínú òtútù yẹn. Ṣé kò mọ òfin ìlú náà ni? Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti gbọ́ pé nígbà kan rí ọlọ́pàá wọn ń gbà ju tiwa lọ, títí ìjọba kan fi dé tó lé gbogbo ọlọ́pàá ojú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, tó gba tuntun, pé láti ìgbà náà, ọ̀daràn ni ẹni tó bá na owó sí wọn. Ó mọ gbogbo rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, ohun tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣe. Ó ká a kéékèèké. Ó fi í sáàárín páàsípọ́ọ̀tù. Ó kúnlẹ̀.

Kámẹ́rà wà láyà ọlọ́pàá náà, ó ń wò ó.

Ràsákì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ojú àwọn ọlọ́pàá tiwa kọjá ni, "àmín" ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, nígbà tí fóònù dún. Mofẹ́olúwa ni. Ó ń sunkún. Ràsákì páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, èrò ń pariwo pé kí ló dé, pé ibẹ̀ ò dáa. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ohun tó sì kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé:

"Ṣé èyí tó fún un kéré ni?"

"Bàbá, kò kéré. Pé ó fún un rárá ni ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n ti tì í mọ́lé."

Bí Ràsákì ṣe wa ọkọ̀ dé Bẹ̀níì lọ́jọ́ náà, kò lè sọ. Nígbà tó padà délé, Mùínátù jókòó sórí àpótí, gèlè wà nílẹ̀. "Bàbá Fatihah, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ," ló wí. "Èmi ni mo ṣe aṣọ́bodè. Mo sì ń rẹ́rìn-ín." Ní gáréèjì, kálukú ló ní ìmọ̀ràn. Wọ́n ní kí ọmọ náà sọ pé òun gbàgbé owó sáàárín ìwé ni, pé ta ló máa mọ̀? Ràsákì fẹ́ gba ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ má parọ́, ẹ̀yin náà á fẹ́ gbà á.

Wọ́n dá Fatihah sílẹ̀ pé kó máa ti ilé wá jẹ́jọ́, wọ́n gba páàsípọ́ọ̀tù rẹ̀. Wọ́n rí agbẹjọ́rò kan, obìnrin tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun. Ó ní òun fẹ́ bá òbí sọ̀rọ̀ lójúkojú, ni wọ́n bá pe ara wọn lórí fóònù tó ń gbé àwòrán. Agbẹjọ́rò ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, Mofẹ́olúwa ń yí i sí Yorùbá. Fatihah jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti rù, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Agbẹjọ́rò ní ẹ̀wọ̀n wà nínú ọ̀rọ̀ náà, lílé kúrò nílùú sì wà níbẹ̀, pé ìyẹn ni òpin ẹ̀kọ́ dókítà. Àmọ́ bí agbẹjọ́rò ìjọba bá gbà pé àìmọ̀kan ni, wọ́n lè fi ìtanràn parí rẹ̀. Nǹkan méjì ló há a lọ́fun. Àkọ́kọ́, ọlọ́pàá náà ní ọmọ yìí fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, pé ó kúnlẹ̀ fún òun bíi pé òun jẹ́ ọba, gbogbo bọ́ọ̀sì sì ń wò. Èkejì, wọ́n bi í pé ta ló kọ́ ọ, ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun. Ó ká owó náà dáadáa jù. Wọ́n rò pé ẹgbẹ́ kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ àjèjì, pé ó ń bò wọ́n láṣìírí. "Mo bẹ̀ ẹ́ títí," ni agbẹjọ́rò wí, "kò dáhùn."

Ràsákì wo ọmọ rẹ̀. Ó yé e. Ṣebí òun náà ló kọ́ ọ pé a kì í tú àṣírí òbí níwájú àlejò.

"Mofẹ́olúwa, sọ fún un," ló wí, "pé ní ìlú wa, bí ọmọ bá fẹ́ fún àgbà ní nǹkan, ó ń kúnlẹ̀ ni. Kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀wọ̀ ló bù fún un."

"Bàbá mi," Fatihah gbé ojú sókè, "ó tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ èyí tó kù."

"Sọ fún un pé èmi ni mo kọ́ ọ."

"Bàbá mi! Kí ni wọ́n á máa pè yín?"

"Ohun tí mo jẹ́ ni kí wọ́n pè mí. Mofẹ́olúwa, yí i, má fo ọ̀kan." Ó yọ náírà kan lápò, ó ká a lójú wọn, ó na ọwọ́ ọ̀tún, owó náà sì pòórá sínú àtẹ́lẹwọ́. "Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyí, nínú pálọ̀ yìí. Lójoojúmọ́ ni mò ń ṣe é. Mo rò pé ohun tí gbogbo ayé fi ń kọjá nìyẹn."

Obìnrin náà wò ó pẹ́. Ó ní kí wọ́n bá òun bi í: bó bá fún àwọn ọlọ́pàá ìlú rẹ̀, kí ni wọ́n máa ń ṣe?

"Wọ́n máa ń ṣàdúrà fún mi," ni Ràsákì wí.

Mofẹ́olúwa yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Ràsákì gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́, ìtìjú sì mú un láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Agbẹjọ́rò bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, bàbá òun náà ní ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe fún ọlọ́pàá wọn. Ó ní kí Ràsákì tún un sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ níwájú agbẹjọ́rò ìjọba.

Ó tún un sọ. Ó wọ agbádá tó fi ń jáde pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ó dé fìlà, ó jókòó ṣinṣin níwájú fóònù, ó sì tú ara rẹ̀ fó fún àwọn tí kò mọ̀ rí. Ó dùn ún o! Ọkùnrin tí gbogbo Òkè-Ajé ń kí ní ìkíni ẹni iyì. Ṣùgbọ́n kò fo ọ̀kan. Wọ́n gba ìtanràn, wọ́n kìlọ̀ fún ọmọ náà, wọ́n dá páàsípọ́ọ̀tù rẹ̀ padà. Ó padà sí kíláàsì.

Nígbà tí Ràsákì tún gba ọ̀nà Bẹ̀níì, àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ ṣì wà níbi tí wọ́n máa ń wà. Sájẹ́ǹtì kan wà níbẹ̀, ọmọ Ìkirè, wọ́n ti mọ ara wọn tipẹ́. Ó rí ọkọ̀, inú rẹ̀ dùn, ó na ọwọ́ wọlé. "Bàbá Fatihah! Ẹ mà pẹ́ o. Dókítà wa ńkọ́?"

"Ó wà ní àlàáfíà." Ràsákì ò yí ara padà. Ó jókòó bó ṣe wà, ó na ọwọ́ òsì síta, owó sì wà nínú rẹ̀, ó là á sílẹ̀ gbayawu.

Sájẹ́ǹtì wo ọwọ́ náà, ó wo ojú rẹ̀. "Kí lèyí? Òsì? Èmi lẹ na òsì sí?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ọ̀tún ò ráyè mọ́."

"Ṣé ó rọ ni?"

"Kò rọ. Orí ọmọ mi ni mo fi ń ṣàdúrà fún."

Ìyá kan láti ẹ̀yìn ọkọ̀ ní, "Ẹ má gbà á o, ọ̀gá, a kì í gba òsì!" Èrò sì yọ ojú síta láti wò ó. Kí ni ọmọ Yorùbá fẹ́ ṣe? Kí ó gba òsì lójú èrò? Sájẹ́ǹtì pòṣé, ó fi ọwọ́ lu ara ọkọ̀. "Gbé ìranù yẹn kọjá jàre!"

Èmi ò ní tàn yín pé bẹ́ẹ̀ ló ń rí lójoojúmọ́. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń gba òsì náà, kódà wọ́n á gbà á bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni. Àwọn kan sì ń bínú, wọ́n á ní kó páàkì títí oòrùn yóò fi yí, èrò á máa bú u. Ó ń ṣe ohun tí ọ̀nà ń fẹ́, torí èrò gbọ́dọ̀ délé. Ṣùgbọ́n ọ̀tún, rárá. Àdúrà tí wọ́n bá ṣe, kò ní ṣe àmín sí i.

Nígbà Iléyá ni Fatihah wá sílé. Bàbá rẹ̀ lọ gbé e ní pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n pàdé ọlọ́pàá lójú ọ̀nà, Fatihah sì rí i tí òsì jáde lójú fèrèsé. Ó ti rí ọ̀tún yẹn láti kékeré. Ó yíjú wo bàbá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, Mùínátù ń jó, ó ń sunkún, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà tó mọ̀. Fatihah dì mọ́ ọn pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀ nínú pálọ̀ náà, ó tẹrí ba. Ràsákì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ṣùgbọ́n kò tíì gbé e lé e. Mùínátù rí ọkọ rẹ̀ tó kọ́kọ́ wo àtẹ́lẹwọ́ náà. Ràsákì nù ún mọ́ aṣọ ara rẹ̀, ó tún un wò, ó tún un nù, kó tó wá rọra gbé e lé ọmọ náà lórí.